Irin Tí Yóò Gbé Èmi Àti Ọmọ

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín kíkí ọmọ ìyá. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Orúnkún tó ń ro yín nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, à ń mí, à ń jẹun, Bọ́ọ̀lù ọmọ wa sì ń tóbi bí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, orúkọ ìnagijẹ yẹn ti fẹ́ kéré fún un. Ara dá. Ọkàn nìkan ni kò jókòó. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò yìí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta: mo lọ wo omi lórí iná, mo tún lọ wo omi kan náà, mo sì lọ dúró lójú fèrèsé láìsí nǹkan tí mo fẹ́ wò níbẹ̀.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà yín ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́wọ́ mi láìsí èsì. Ẹ ní bí wọ́n bá máa ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ mi, kí n gbé Bọ́ọ̀lù wá bá yín fún oṣù márùn-ún, kí n lè ráyè tọ́jú ara. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìdí tí n kò fi dáhùn ni pé èsì náà wà lọ́wọ́ irin kan, n kò sì tíì mọ irin wo ni nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ka lẹ́tà yìí tán, ẹ má fò ó, torí bí mo bá kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ránṣẹ́, ẹ ó rò pé àbúrò yín ti ya aláìmoore.

Ẹ̀yin náà mọ bí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣe rí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbá mi lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Eegun itan náà jinná, ṣùgbọ́n kò bá èkejì rẹ̀ dàgbà mọ́. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ló fi kúrú. Bàtà tí ṣúmẹ́kà gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ni mo fi ń bo àṣírí, ó sì ń bò ó títí mo fi lóyún. Láti ìgbà náà, bí ìbàdí bá ké, ẹ̀yìn á dá a lóhùn. Ohun tí n kò kọ sí yín tẹ́lẹ̀ ni pé mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́yìn mi. Ojú ni mo fi gba ilẹ̀, kí ẹ̀yìn má bàa gbà á. Ọmọ kò fara pa. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Èmi ni n kò rẹ́rìn-ín dénú láti ọjọ́ náà. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun. Ẹgbẹ́ kan tó ń ran irú wa lọ́wọ́ ló gba ìnáwó rẹ̀ rù, ẹ má ṣe da ara yín láàmú lórí ìyẹn.

Yàrá dókítà náà kò tóbi ju ibi tí à ń to aṣọ sí ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ. Ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì, ó to irin mẹ́ta sórí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ pàtẹ. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó ní wọ́n á gé eegun itan mi sí méjì, wọ́n á ki irin bọ inú ihò rẹ̀, irin náà á sì máa gùn díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀pá ẹ̀yìn rédíò tí à ń fà yọ. Ẹ̀rọ kan tó ní òòfà nínú ni màá máa gbé lé itan lójoojúmọ́, òun ló máa pàṣẹ fún irin inú pé kó na ara rẹ̀. Mìlímítà kan lójúmọ́, ìyẹn kò nípọn ju ẹ̀gbẹ́ owó onírin kan lọ. Eegun tuntun á máa hù sínú àlàfo náà. Àádọ́ta ọjọ́ la ó fi fà á, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí eegun rírọ̀ náà tó le. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí kò kúrò lórí mi mọ́. Ó ní, "Irin kò ní gbé ọ títí ayé. Kó ṣáà gbé ọ títí eegun rẹ á fi lè gbé ara rẹ̀ ni. Nítorí náà, ká wo èyí tó lè gbé ọ."

Irin àkọ́kọ́ kì í wọnú eegun. Òrùka ńláńlá ni, ó máa ń yí itan ká lóde, irin tín-ín-rín á sì gba inú ẹran kọjá dé eegun. Ó ní ìyẹn lágbára, ènìyàn lè dúró lé e, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ ojú ihò ara náà. Mo ronú kan ọwọ́ Bọ́ọ̀lù, tó máa ń fa ohunkóhun tó bá ti ń dán. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ìyẹn kúrò níwájú mi. Èkejì ń wọnú eegun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, rẹ́múrẹ́mú, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa títí eegun á fi le: ọ̀pá abẹ́ apá méjì, ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ kẹta tí màá fi di ọmọ mú dà? Ìyẹn ni irin tí ì bá gbé Bọ́ọ̀lù wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi irin líle rọ, ó nípọn, inú eegun náà ló ń wọ̀, wọ́n sì ṣe é kí ènìyàn lè máa dúró lé e láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Mo gbé e lọ́wọ́. Ó tutù. N kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

Dókítà ní kí n rọra. Gbogbo irin náà ló ní ìwọ̀n tó lè gbé, èyí tí ihò eegun mi sì lè gbà kò gbọdọ̀ gbé ju àádọ́rin kílò lọ. Nọ́ọ̀sì mú mi lọ sórí òṣùwọ̀n. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn mi. Nọ́ọ̀sì nawọ́, ó ní, "Ẹ gbé e fún mi, ìyá ọmọ, kí òṣùwọ̀n má bàa purọ́." Mo tú u, mo gbé e fún un, mo gun orí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Dókítà ní, "Ó gbà ọ́. Àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù." Ó ní kí n fún òun lésì kí ọjọ́ Jímọ̀ méjì tó kọjá, torí wọn kì í to irin náà sílẹ̀, wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ẹsẹ̀ kúkurú yẹn jó jáde.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi gba ìwé tí wọ́n ya irin náà sí lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, wẹ́dà ni, kò sí irin tí kì í bá sọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní, "Nínípọn kọ́ ló ń gbé ẹrù o. Ojú ibi tí wọ́n ti dè é ni. Wo àwọn síkúrù yìí, lókè, nísàlẹ̀. Tún wo ibi tí kékeré ti wọnú ńlá. Bí nǹkan bá máa dá, ibẹ̀ ló ti máa dá." Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, ṣé géètì ni mí ni? Ó ní, "Géètì kì í gun àtẹ̀gùn." Mo gba ìwé mi.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni nǹkan bàjẹ́. Ẹ rántí pé ìwọ̀n la fi ń gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ wa, òṣùwọ̀n ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti pọn Bọ́ọ̀lù, mo gbé ẹrù aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀, mo gbé e kúrò. Ohun tó sọ fún mi pé kí n gun ibẹ̀, n kò mọ̀. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà kọjá àádọ́rin, ó dúró sí mẹ́tàléláàádọ́rin ààbọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin gbójú sókè níbi tó ti ń lọ aṣọ, ó ní, "Ìyá Bọ́ọ̀lù, ta ló ni ẹrù yẹn? Fífọ̀ nìkan ni, àbí fífọ̀ àti lílọ̀?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo tún gbé ẹrù aṣọ náà mọ́ra, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò fẹ́ kọ iye tó jẹ́ síhìn-ín. Mo wá ń rò ó bí mo ṣe ń lọ aṣọ: láti àárọ̀ títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù, kò sí wákàtí kan tí mo jẹ́ kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Obìnrin tí wọ́n wọ̀n lọ́sibítù yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí mo bá lanu, wọ́n á gba irin kẹta lọ́wọ́ mi, wọ́n á fún mi ní èkejì, rẹ́múrẹ́mú yẹn, Bọ́ọ̀lù á sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ má sì bínú. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni mo wà tí ìyá wa fi ṣàìsàn, tí wọ́n fi gbé mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún méjì. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbà tí mo padà dé, "àǹtí" ni mo ń pe ìyá wa, tí mo sì ń sunkún pé kí wọ́n dá mi padà sílé. Ìyá wa á sì jẹ́ ẹ: "Àǹtí rèé, wá jẹun." Wọn kò bá mi wí rí. Ìgbà tí èmi náà di ìyá ni mo tó mọ ohun tí jíjẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé n kò fọkàn tán yín. Bí ìtọ́jú yín ṣe máa dára tó gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ni mo bá pinnu pé bí n kò bá lè dín ọmọ kù, màá dín ara mi kù. Kílò mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Oúnjẹ àárọ̀ kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀sán tẹ̀ lé e. Mo ń gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí olè, nígbà tí ọ̀gá wa bá kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bọ́ọ̀lù á fà á, á fà á, á wò mí lójú, á wá gé mi jẹ. Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé Bọ́ọ̀lù wálé lọ́sàn-án, ọkọ mi náà wá mú ohun èlò kan, ó ṣí abọ́ tí mo dé, ó rí i pé n kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà láti àárọ̀. Ó bi mí. Irọ́ kò wá sí mi lẹ́nu, ebi ti pa ìyẹn náà, mo bá sọ ti òṣùwọ̀n fún un.

Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "O fẹ́ fi ebi tan irin jẹ. Ọdún méjìlá rèé tí mo ti ń bá irin ṣe. Kì í gba ẹ̀bẹ̀, kì í mọ ojú àánú. Ohun tó bá lè gbé ló máa gbé. Èyí tí kò bá lè gbé, á sọ fún ọ, ṣùgbọ́n òun ló máa yan ọjọ́ tó máa sọ ọ́. Ṣé orí àtẹ̀gùn lo fẹ́ kó ti bá ẹ sọ̀rọ̀ ni, tòun ti ọmọ?" Ó gbé oúnjẹ náà síwájú mi, kò sì dìde títí mo fi jẹ ẹ́ tán, kò tiẹ̀ rántí ohun èlò tó wá mú mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá dókítà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wà ní tésàn ọlọ́pàá. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, tàbí kó bú mi. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń wọn àwọn ìyá, n kò sì béèrè ohun tó wà lẹ́yìn wọn rí." Ó wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ó ní irin obìnrin kan tẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àwọn wádìí títí, irin ni àwọn dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọwọ́ wà nílé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kílò mẹ́ta ààbọ̀ péré ló fi lé." Ó ní bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwa méjèèjì kò tó àádọ́rin, òun kò ní gbà. Ó ní, "Àpò sìmẹ́ǹtì á dúró síbi tó o bá gbé e sí. Ọmọ kì í dúró. Á fì sọ́tùn-ún, á fò sẹ́yìn, bó o bá sì gun àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ á di ìlọ́po lórí ẹsẹ̀ kan." Irin kẹta á gbé mi, ó ní. Màá dúró, màá dáná, màá jókòó wẹ ọmọ, màá gbé e sí itan òsì. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ, mo tì í pa, títí n ó fi rí eegun tuntun ní ìhà mẹ́ta nínú mẹ́rin lórí àwòrán eegun rẹ." Oṣù mẹ́fà, bóyá mẹ́jọ.

Mo sunkún láti ọsibítù dé ojú títì. Mo ní kí ọkọ mi jẹ́ kí n kúkú kọ̀wé sí yín kí ẹ wá mú un, torí kí ni ìwúlò ìyá tí kò lè pọn ọmọ? Ó ní, "Ẹ̀yìn mélòó ló wà nínú ilé wa?" Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó ní, "Mo ní ọ̀kan. Ó fẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó ń ṣe é."

A fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò kí n tó fọwọ́ síwèé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbàdúrà. Mo so ọmọ mọ́ ọn, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, rí i lórí àtẹ̀gùn, ó ké pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Wẹ́dà! Ìgbà wo lẹ sọ̀ kalẹ̀?" Ọkọ mi dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, mà. Ìrọbí yẹn kò rọrùn rárá." Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo àdúgbò ti ń kí i. Àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó ṣọ́ra kí ọmú má bàa yọ. Ó ní tó bá yọ, àwọn ni òun máa kọ́kọ́ fún, ó pẹ́ tí òun ti rí i pé ẹnìkan kò fún wọn mu tó.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ò rí Bọ́ọ̀lù. Bó bá fẹ́ kí n pọn òun, ó máa ń wá sẹ́yìn mi, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu mí ní ẹ̀yìn orúnkún. Ọjọ́ méjì ló fi lù ú. Mo jókòó lé ọwọ́ ara mi kí n má bàa nà án sí i. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ó wò mí bí ẹni wo àlejò. Lọ́jọ́ kẹta, ó gé bàbá rẹ̀ jẹ léjìká. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dákẹ́.

Lánàá, ọjọ́ Jímọ̀, mo fọwọ́ síwèé. Irin kẹta ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọ́n á ṣe é. Dókítà kọ kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta síbi ìwọ̀n, ó sì fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kò gbọdọ̀ pọn ọmọ." Abẹ́ ìyẹn ni mo fọwọ́ sí.

Nítorí náà, èsì lẹ́tà yín nìyí: n kò ní gbé Bọ́ọ̀lù wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ péré, ní ọ̀sán, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá wà níbi iná tó ń ta pàrà, tí kò lè mú ọmọ dé. Lẹ́yìn náà, télọ̀ ìsàlẹ̀ ti gbà láti máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn láti fi sílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún mi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ohun kan ló kù. Dókítà ní mo ṣì lè pọ̀n ọ́n títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi lọ pọn omi. Mo rò ó pé nígbà tí wọ́n bá máa ṣí ẹ̀yìn mi padà, Bọ́ọ̀lù á ti súnmọ́ ọmọ ọdún méjì, á ti máa sáré, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so òun mọ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé èyí tí mo bá pọ̀n nísinsìnyí ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo so ó. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Mo rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé fèrèsé, mo padà. Mo tún lọ. Mo rò pé ó ti ń sùn. Bàbá rẹ̀ gun àtẹ̀gùn, Bọ́ọ̀lù gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbórí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, ó ń lu mí léjìká kí n sọ òun kalẹ̀. Mo ní, "Dúró ná, Bọ́ọ̀lù mi, ó kù díẹ̀." Kò dúró. Mo tú u. Ó rá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó lọ di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú. Ọkọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀, ó wò mí, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mo ní, "Kúnlẹ̀ fún un." Ẹ̀yìn mi ṣì tutù níbi tí òógùn ọmọ wà. Inú mi dùn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ wo omi lórí iná, kò sì sí omi kankan níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ̀ lọ́nà. Kí ó fún orúnkún yín ní ìsinmi, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má jó àjórẹ̀yìn. Ẹni tó ń ro rere sí ọmọ mi, kí rere má jìnnà sí ilé rẹ̀. Ẹ bá mi fi ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ kẹta sínú àdúrà.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín tó kẹ́yìn,
Ìyá Bọ́ọ̀lù.

Àfikún: Bí ẹ bá ń bọ̀, ọkọ mi ní kí ẹ jọ̀ọ́ bá òun mú ọ̀já gígùn kan dání. Gbogbo èyí tó wà nílé yìí, ikùn rẹ̀ ni wọ́n ń dé, wọn kì í tó so.